Wo Iyọ̀ Kí O Tó Wo Òòrùn

33°C ni fóònù mi kọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ mi ṣubú lórí Òkè Ìdànrè. Mo wò ó, mo sì fọkàn balẹ̀. Sabon Gari ní Kánò là ń gbé, ọdún kọkànlá wa níbẹ̀ nìyẹn. Ooru oṣù kẹrin máa ń wọ 40 lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ á sì tún máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Kí ni 33 fẹ́ fi wá ṣe? Ohun tí mo rò nìyẹn, díẹ̀ ló sì kù kí èrò yẹn gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Òkè Ọya, tí ẹ sì fẹ́ kó ọmọ wá sí Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó fún ìsinmi, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìsinmi Àjíǹde ni. Èmi, ọkọ mi, àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta la jọ wá sí ilé màmá mi ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Tólú, àkọ́bí wa, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ìdí pàtàkì tí a fi wá ni pé mo ti ṣèlérí fún wọn pé màá mú wọn gun Òkè Ìdànrè, nítorí èmi náà gùn ún nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, mi ò sì gbàgbé ọjọ́ náà rí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ kí a tó dé Ìdànrè rárá. Lóru ọjọ́ tí a dé, wọ́n mú iná lọ, fáànù sì dúró. Ní Kánò, bí ooru bá mú báyìí, omi ni mo máa ń wọ́n sílẹ̀ yàrá, màá sì rẹ ìró kan sínú omi, màá fi kọ́ ojú fèrèsé. Kò ní pẹ́ tí yàrá á fi tutù. Ohun tí mo ṣe ní Òkè-Àró náà nìyẹn. Mo fi omi nu ilẹ̀ dáadáa, mo ta ìró tútù sójú fèrèsé, mo sì ní kí àwọn ọmọ sùn. Nígbà tó máa fi di ọ̀gànjọ́, inú yàrá náà ti dà bí ìkòkò tí wọ́n ń se mọ́ínmọ́ín nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì rin, ìrọ̀rí rin, ara gbogbo wa ń lẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi jí, ó ń sunkún, ó ń họ ọrùn. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kókó pupa wẹ́wẹ́ ti sú bo ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Màmá gbọ́ ẹkún, wọ́n sì wọlé. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n já ìró náà kúrò lójú fèrèsé, wọ́n ṣí fèrèsé kejì tó kọjú sí i, wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Atẹ́gùn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu ọmọ náà lára, wọ́n sì jókòó tì í, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ó fi sùn.

Láàárọ̀ ni wọ́n pè mí sí kíṣìn. Agolo iyọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, kò dún. Wọ́n dorí agolo náà kodò, iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, omi sì ń kán tó tó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Tólú," wọ́n ní, "ṣé o rí i? Omi wà nínú afẹ́fẹ́ yìí. Wo iyọ̀ kí o tó wo òòrùn."

Ó pọ̀ ọdún tí màmá mi fi ra kòkó, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó bá ti sá kòkó rí nílẹ̀ Oǹdó kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin. Ó mọ ọjọ́ tí òòrùn ń ràn tí kòkó kò gbẹ, tí èbu á sì mú un, ó sì mọ ọjọ́ ọyẹ́ tí òòrùn kò le tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kòkó ń dún wòròwòrò bí èèyàn bá fọwọ́ rò ó. Àwọn onílù náà mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, awọ gángan á dẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Mo gbọ́ gbogbo èyí láti kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí màmá mi fi iyọ̀ hàn mí láàárọ̀ yẹn, bí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ló rí létí mi. Mo ti kàwé, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fara da ooru Kánò. Ó ń dùn mí títí di òní pé mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iyọ̀ náà ń wí, bó ti wá yé mi lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Omi tó bá ń gbẹ máa ń kó ooru lọ ni. Bí òógùn bá gbẹ lára wa, ooru ara wa ló gbé lọ, ọ̀nà yẹn sì ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ohun kan náà ló ń mú kí omi inú ìkòkò amọ̀ tutù ní Kánò, torí omi ń jò díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀, atẹ́gùn gbígbẹ sì ń gbé e lọ. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, lo ọgbọ́n yìí. Ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, ẹ̀fọ́ àti tòmátò sì ń pẹ́ nínú rẹ̀ láìsí iná mànàmáná. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ ilé iṣẹ́ Rolex fún un ní 2000. Àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ọgbọ́n náà gbára lé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti mu omi yó, kò sí àyè fún omi mìíràn nínú rẹ̀ mọ́. Ìró tí mo rẹ kò lè gbẹ, omi tí mo wọ́n sílẹ̀ kò lè gbẹ, òógùn ọmọ mi náà kò sì lè gbẹ. Ńṣe ni mo tún fi omi kún omi.

Ọjọ́ kẹta ni a lọ sí Ìdànrè. Mo ti rán aṣọ kan náà fún gbogbo wa nítorí fọ́tò, aṣọ tó nípọn, tí wọ́n tún fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ ṣòkòtò jíǹsì sábẹ́ tiwọn. A jẹ iyán láàárọ̀ kí a tó jáde. Agogo mẹ́wàá kọjá dáadáa kí mọ́tò wa tó gbéra ní Àkúrẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù nígbà tí a fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Omi tí a gbé dání kò ju piọ́wọ́tà mẹ́fà lọ fún èèyàn márùn-ún. Ní Kánò, òógùn kì í dúró lára, bó ṣe ń jáde ló ń gbẹ, nítorí náà a kì í mọ iye tí à ń pàdánù, òùngbẹ nìkan ló máa ń rán wa létí. Àṣà yẹn ni mo gbé wá sókè náà.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ní ibi ìsinmi kejì, aṣọ ọkọ mi ti rin gbindin. Òkè àpáta ló yí wa ká, igbó sì kún ìsàlẹ̀, kò sí atẹ́gùn kankan tó ń fẹ́. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, oòrùn sì ń fa omi jáde láti inú ilẹ̀ àti ewéko padà sókè. Ooru ń wá láti orí, ó ń wá láti ẹsẹ̀, nítorí àpáta tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ dà bí agbada tó gbóná.

Mò ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ bí a ṣe ń lọ. Mo sọ fún wọn pé orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀, pé 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, pé ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, pé láti 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà lára àwọn ibi tó ń retí kí àjọ UNESCO fọwọ́ sí i pé ogún gbogbo ayé ni. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni Tólú ti ní, "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi."

Mo ní, "Ọkùnrin ni ẹ́, Tólú. A ti fẹ́ẹ̀ dé."

Mo máa ń gbọ́ gbólóhùn yẹn lóru nígbà mìíràn. Ọmọ náà gbà mí gbọ́, ó sì ń gùn lọ. Kò ráhùn mọ́. A gun àtẹ̀gùn tán, a ń rìn lórí àpáta gbalasa, ni mo rí i tó dúró, tó di itan ọ̀tún rẹ̀ mú pé iṣan ń fà á. Ó bì. Ojú rẹ̀ funfun. Ó ní òòyì ń kọ́ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ tutù, òógùn sì ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ohun tó dà mí lọ́kàn rú gan-an nìyẹn. Mo rò pé ẹni tí ooru bá mú, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ni. Nítorí náà mo ń wá aṣọ tí màá fi bò ó! Amọ̀nà tó wà níbẹ̀ ló kígbe mọ́ mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti ọkọ mi gbé ọmọ náà lọ sábẹ́ òjìji àpáta ńlá kan, wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n bọ́ jíǹsì àti aṣọ rẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Piọ́wọ́tà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa. Àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí ló fún wa ní tiwọn. A ń da omi sí i lọ́rùn àti abíyá, èèyàn méjì sì ń fi páálí fẹ́ ẹ láìdúró. Amọ̀nà náà tẹnu mọ́ fífẹ́ yẹn. Ó ní bí a bá kàn da omi sí i láì fẹ́ ẹ, omi náà á kàn jókòó sí i lára ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, tó sì dá wa lóhùn, a fún un lómi díẹ̀díẹ̀.

Ó gbà wá ní àkókò gígùn kí a tó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mi ò rántí bí mo ṣe rin àwọn àtẹ̀gùn yẹn padà.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ilé ìwòsàn fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ibi tí ọmọ náà dé yìí, ara rẹ̀ ṣì ń jà fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń làágùn. Pé bí mo bá rí ẹni tí ooru mú tí kò mọ ibi tó wà mọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná dé 40°C, yálà ó ń làágùn tàbí kò làágùn, ikú ti wà nítòsí nìyẹn. Kí n máa fi omi tutù tu ara rẹ̀ bí a ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí n má sì fi omi sẹ́nu ẹni tí kò lajú. Ó fún wa ní ORS, èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu. Ó ní bí kò bá sí, kí n po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí orí ṣíbí náà tẹ́jú, sínú omi mímọ́ lítà kan. Iyọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí òógùn ń kó iyọ̀ lọ pẹ̀lú omi, mínírà aládùn tí mo ń fún wọn lọ́nà kò sì dá a padà.

Nígbà tí a délé, màmá kò sọ pé àwọn ti sọ fún mi. Wọ́n kàn gba Tólú lọ́wọ́ wa, wọ́n sì tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Ọmọ aládùúgbò wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ọjọ́ ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, wá kí wa lálẹ́ ọjọ́ kejì. Òun ló fi bébà kan tí wọ́n to ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin sí hàn mí. Bí ooru bá jẹ́ 32°C tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 40 nínú 100, ara á gbọ́ ọ bíi 33. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin náà bá dé ìdá 70, 32 yẹn kan náà á di bíi 41 lára èèyàn. Inú òjìji sì ni wọ́n wọn gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tó bá dúró sínú oòrùn lè fi tó 8 kún un. Mo jókòó, mo ń wo bébà náà. Mo ti rò pé mò ń kó àwọn ọmọ mi kúrò nínú 40 wá sínú 33, láìmọ̀ pé orí àpáta tó gbóná ju Kánò lọ ni mo gbé wọn lọ.

Ọkọ mi ní ìbéèrè kan tó dára. Ó ní fóònù òun kọ ọ̀rinrin ìdá 94 ní agogo mẹ́fà àárọ̀, síbẹ̀ ara tù ú ní àárọ̀ yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìdá yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Afẹ́fẹ́ tó tutù kì í gba omi púpọ̀, díẹ̀ ló máa fi yó. Bí ọjọ́ bá gbóná, àyè á gbòòrò nínú rẹ̀, ìdá náà á sì wálẹ̀ bí omi inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dín. Ohun tó ní kí a máa wò lórí fóònù ni ohun tí wọ́n ń pè ní dew point, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí omi inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìrì; bó bá ṣe ga tó ni omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá ti tó 24°C, ara ò ní balẹ̀. Àwọn ọjọ́ tí a wà ní Àkúrẹ́ yẹn, kò kúrò ní 24. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí òru Àkúrẹ́ kì í fi í tutù bíi ti Kánò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi inú afẹ́fẹ́ máa ń há ooru ọ̀sán mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kó sá lọ sójú ọ̀run. Èèyàn á wá jí láàárọ̀ láì tíì sinmi.

Láti ọjọ́ yẹn la ti yí ìsinmi náà padà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ń jáde, aago mọ́kànlá kò gbọdọ̀ bá wa níta. Ọ̀sán jẹ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ayò, àti oorun. Ìrọ̀lẹ́ la ń lọ sí Ọjà Ọba. Mo ra aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún wọn, èyí tó fẹ̀ dáadáa kí atẹ́gùn lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ní Kánò, aṣọ tó bo gbogbo ara dára nítorí ó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ. Ní Àkúrẹ́, aṣọ tó nípọn kàn ń há òógùn mọ́ ara ni. Kókó tó sú sí àbíkẹ́yìn mi lọ́rùn lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí a jáwọ́ nínú fífi ìpara àti pọ́dà kùn ún, tí a kàn ń fi omi tutù wẹ̀ ẹ́, tí a ń jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ní ọjọ́bọ̀, ojú ọjọ́ ṣú láti ìlà oòrùn ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ìjì jà, àrá sán, òjò ńlá sì rọ̀. Mo ń wo mọ̀nàmọ́ná, mo sì ń ronú àpáta gbalasa tí kò ní igi kankan. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni ìjì báyìí wọ́pọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń dé. Òun náà jẹ́ ìdí tí ẹni tó bá fẹ́ gun òkè fi gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

A padà wá ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹ̀rù ń bà mí láti tún dárúkọ Ìdànrè, Tólú ló dárúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀, àwọn ọmọ wọ súwẹ́tà. Ní ọ̀sán, mo yẹ fóònù wò: 33°C. Ohun tí fóònù kọ kò yàtọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ara mi gbẹ, aṣọ tí mo sá gbẹ kí n tó jẹun ọ̀sán tán, òru sì tutù débi pé a wá nǹkan bora. Agogo méje àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, pẹ̀lú omi tó tó lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tólú jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un, èmi náà sì jókòó tì í. A dé òkè. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo ìlú ìsàlẹ̀, òrùlé díẹ̀ la rí. Ó dun àwọn ọmọ díẹ̀, ètè wọn sì là, òrí ni a fi ń pa á.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ìparí oṣù kọkànlá ni màá mú, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì nípọn. Nínú oṣù kẹjọ, òjò máa ń sinmi díẹ̀, ojú ọ̀run á ṣú, ooru á dínkù, àmọ́ àpáta á ṣì máa yọ̀, mi ò sì ní kó ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà yẹn.

Tólú ti di ọmọ ọdún méjìlá báyìí. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ń múra àtilọ sílé, ó máa ń pe ìyá àgbà rẹ̀ láti Kánò, á ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọn agolo iyọ̀ yẹn sí fóònù." Á sì tẹ́tí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò dún. A ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.